Ìléru Mi Kò Gbóná Jù

Pẹ́ńsù tí ọ̀gá mi fi ń họ etí ni ó fi ń ro tíì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ nílùú òyìnbó, ó po ife tíì méjì, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún mi. Ó yọ pẹ́ńsù náà lẹ́yìn etí, ó tì í bọ tèmi, ó rò ó, ó fi nu ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì dá a padà síbi tó ti yọ ọ́. Inú ife náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n irun orí ọkùnrin yìí funfun, wọ́n sì tọ́ mi pé bí àgbàlagbà bá fi nǹkan lọ̀ mí, n kò gbọdọ̀ yímú sí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́, mo mu ún tán. Àkúrẹ́ ni mo ti jókòó kọ èyí, ọ̀pọ̀ nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà, síbẹ̀ n kò tíì gbàgbé ìtọ́wò tíì yẹn.

Pítà ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀. Pítà, wá wo èyí. Pítà, o ti ṣì í. Ọkùnrin tó lè bí mi. Ẹnu mi kò gbà á rárá, "Sà" ni èmi ń pè é. Àgátà, obìnrin ará Pólàǹdì tí ìléru rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí mo bá ń bá a lọ báyìí, Pítà yóò gbà gbọ́ pé ọba ni òun. Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà.

Iṣẹ́ wa ni láti fi ìyà jẹ irin. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, àwọn abẹ̀bẹ̀ irin kéékèèké kan wà tí iná ń fẹ́ lù, tí wọ́n sì ń yí kíkankíkan. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń lù kò lè dúró níbẹ̀. Irin kan tó ń jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, wọ́n á wá po oríṣiríṣi irin mìíràn mọ́ ọn. Irú irin bẹ́ẹ̀ kì í yọ́, kì í sì í já lójijì. Ohun tó ń ṣe é ni pé ó ń fà. Lónìí kò hàn, lọ́la kò hàn, ṣùgbọ́n ooru àti yíyí náà ń fà á gùn díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan yóò fi já. Ẹni tó bá ti rí àtẹ tí wọ́n ń sá kòkó sí lóko bàbá ìyá mi ní Bọ́lọ́rundúró yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ọparun tó wà lábẹ́ kòkó tútù kì í ṣẹ́ lọ́jọ́ tí a da kòkó lé e lórí. Ó ń tẹ̀ ni, lọ́dọọdún, títí ikùn rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Nítorí náà, a máa ń so ọ̀pá irin kékeré kan, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, sínú ìléru, a ó gbé ẹrù wúwo kọ́ ọ nísàlẹ̀, a ó sì máa wo bí ó ṣe ń fà. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Irin dà bí gààrí, ẹyọ ẹyọ ni nínú, bí ó tilẹ̀ jọ odidi lójú. Ibi tí ẹyọ ti kan ẹyọ ni wọ́n ti máa ń yọ̀ kúrò lórí ara wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi wá ọ̀nà láti mú kí abẹ̀bẹ̀ kan dì ní ẹyọ kan ṣoṣo, tí kò ní oríkèé kankan. Wọ́n tún máa ń fi irin kan tó ń jẹ́ réníọ̀ọ̀mù sí i kí ó má baà tètè fà. Réníọ̀ọ̀mù wọ́n bí ojú. Iléeṣẹ́ wa ní àwọn ti rí àpòpọ̀ tuntun tí kò nílò rẹ̀ púpọ̀, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì yóò rà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọ̀pá inú ìléru wa ni yóò sọ bóyá òótọ́ ni.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. N kò fẹ́ràn nǹkan mìíràn níbẹ̀. Nínú ilé tí mo gba yàrá sí, wọ́n á ti àwo bọ omi ọṣẹ, wọ́n á gbé e síta pẹ̀lú ìfófò, wọn kò ní ṣàn án, aṣọ ni wọ́n á fi nu ọṣẹ náà. Lọ́jọ́ kejì, òun náà ni wọ́n á fi jẹun. Mo ra àwo tèmi, mo ń gbé e pa mọ́ sínú àpótí bí olè. Lọ́jọ́ kan mo bá ẹni tó wà ní yàrá kejì tó ń gé èékánná ẹsẹ̀ lórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Ó kí mi, ó ní báwo ni iṣẹ́, ó sì ń gé e lọ.

Ní Oǹdó, níbi tí wọ́n ti bí ìyá mi, ará Àkúrẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti bí bàbá mi, wọ́n ní ahọ́n mi ti yà sí Oǹdó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń dùn mí pé ọ̀dọ̀ méjèèjì ń tì mí síra wọn. Nílẹ̀ òyìnbó ni mo tó mọ̀ pé adùn ni. Ẹni tí wọ́n ń jiyàn lórí ibi tó ti wá, wọ́n mọ̀ pé ó ti ibì kan wá. Níbẹ̀ yẹn, wọ́n á bi mí pé níbo ni ilé, mo ní Nàìjíríà, wọ́n ní ṣé Èkó. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màámi ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sunday, bí ó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sílé rẹ̀ ní Oǹdó. Olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan ló sì bí. A ti ṣètò pé kí ó wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè wá, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá mi tún ìwé ìgbélùú mi ṣe ní ìparí ọdún, torí pé lórí ìwé tèmi ni wíwá rẹ̀ dúró lé. Ó ti sọ fún gbogbo ìjọ. Wọ́n ti pè é síwájú, wọ́n ti gbàdúrà lé e lórí. Ó bi mí léraléra pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe, mo sì ṣàlàyé ìléru àti ọ̀pá fún un. Ó ní, ìyẹn ni pé èmi ni mo ń gbé ọkọ̀ òfuurufú dúró lókè. Mo ní kì í ṣe èmi nìkan. Ó ní kí n má jiyàn pẹ̀lú òun.

Ìléru tí wọ́n fún mi, wọ́n ti pa á tì kí n tó dé. Wọ́n ní kò gbọ́ràn, pé ooru rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo tú u palẹ̀, mo tún un tò, mo pààrọ̀ àwọn wáyà tó ń ka ooru, mo fi òwú tí iná kì í jó dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Nígbà tí mo ṣe é tán, ó dúró gbọin. Àgátà wá wò ó, ó dúró pẹ́ níwájú rẹ̀, ó ní ó sàn ju ti òun lọ. Lọ́jọ́ náà mo pe Màámi láìdúró de Sunday. A jọ yọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí a ń yọ̀ lé lórí dáadáa.

Wọ́n so àpòpọ̀ tuntun náà sínú ìléru mẹ́ta, tèmi wà lára wọn. Ó yẹ kí ọ̀pá tèmi pẹ́. Kò pẹ́. Ó ń fà kíákíá, ó yá sí i, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ẹrù ìsàlẹ̀ rẹ̀ já bọ́ tí gbogbo ilé sì mì, nígbà tí ọ̀pá inú ìléru méjì yòókù kò tíì já. Èmi àti Àgátà yẹ ìléru wò tinú tẹ̀yìn. Ooru rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Irin náà ló kùnà. Mo lọ sọ fún Pítà. Ó gba ọ̀pá tó já náà lọ́wọ́ mi, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó ní ó ṣeun, ó sì fi sápò.

Lẹ́yìn náà ni àwọn oníbàárà wá, ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti iléeṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. A jókòó yí tábìlì ká. Obìnrin náà béèrè pé kí ló dé tí ọ̀pá kan fi já tó bẹ́ẹ̀ yá. Pítà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi.

"Ìléru ọmọkùnrin wa yìí ló gbóná jù," ó ní. "Ẹni tuntun ni. A máa yọ ọ̀pá yẹn kúrò nínú ìṣirò."

N kò sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń ka èyí lè máa bú mi. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í já àgbà ní koro lójú àlejò. O ó dákẹ́, o ó tẹ orí ba. Bí àlejò bá lọ tán, o ó wá ẹni tó dàgbà tó bàbá rẹ, ẹ ó jọ lọ bá a nínú ilé rẹ̀, ẹ ó sì fi sùúrù sọ fún un pé ohun tó ṣe kò dára. Òun náà yóò mọ̀ pé o bo àṣírí òun, ojú yóò tì í, yóò sì tún un ṣe. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Torí náà mo wo ilẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, obìnrin náà ń wò mí bí ẹni tó mú olè.

Ẹni tó dàgbà tó bàbá mi níbẹ̀ ni Bàbá Akin, ọmọ Àkúrẹ́ tó ti ń wa bọ́ọ̀sì nílùú náà láti ìgbà tí n kò tíì dáyé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ulé rẹ̀ ni kí á lọ," ó ní. "Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Wá uṣu tó dáa, a kì í lọ lọ́wọ́ òfo."

Mo ra iṣu mẹ́ta tó tóbi ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Gánà. Ní Satide, Bàbá Akin wọ bùbá àti ṣòkòtò òfì, ó dé fìlà, a sì lọ. Pítà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, kò wọ ẹ̀wù. Kò ní kí a jókòó. Láti ẹnu ọ̀nà tí a dúró sí, mo ń rí ilé ìdáná wọn, ajá wọn gbé ẹsẹ̀ lé àga, ó ń lá àwo oúnjẹ. Ìyàwó Pítà wọlé, ó gbá ajá náà lórí jẹ́jẹ́, ó gbé àwo, ó bu ẹran tuntun sínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo yíjú kúrò níbẹ̀. Bàbá Akin tẹ̀ mí léjìká, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní ẹnu ọ̀nà tí irun ajá ti bò.

Bàbá Akin wá bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, bó ti yẹ àgbà. Ó kí Pítà, ó kí ìyàwó, ó kí ajá pàápàá. Ó ní ọmọ yín ni ọmọ yìí, orúkọ ọmọ ẹni kì í bàjẹ́ kí inú bàbá dùn. Ó ní a wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìléru. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti sọ kalẹ̀ sí ohun tó gbé wa wá gan-an. Ṣùgbọ́n Pítà ti na ọwọ́ sí iṣu.

"Kò tó èyí," ó ní, ó sì fà mí dìde. "Gbogbo ènìyàn ló ń ṣàṣìṣe. Mo ti gbàgbé ẹ̀."

Ó gba iṣu, ó dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn. Nínú bọ́ọ̀sì, inú Bàbá Akin dùn. Ó ní ẹni tó bá ti gba iṣu lọ́wọ́ ẹni ti gba ọ̀rọ̀, kí n lọ sinmi. Mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Irun ajá ṣì wà lẹ́nu mi.

Ní Monday, iṣu kan wà lójú fèrèsé iyàrá tí a ti ń mu tíì. Pítà ti sọ fún gbogbo wọn pé mo wá sílé òun wá tọrọ àforíjì, pé ní ìlú wa, iṣu ni wọ́n fi ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Ohun tó rí mi lára jù nìyẹn, pé kò tilẹ̀ fi ìkà sọ ọ́. Wọ́n fi gègé kọ ojú àti ẹnu sára iṣu náà. Kò sẹ́ni tó sè é. Ó ń rà, omi dúdú ń ti ara rẹ̀ jáde sórí fèrèsé, àwọn kan sì ń gbé búrẹ́dì wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo dẹ́kun àtimáa wọ ibẹ̀.

Kò pẹ́ ni Pítà pè mí. Ó ní àwọn oníbàárà ń padà bọ̀, wọn kò ní í gbà kí a yọ ọ̀pá náà kúrò àfi bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ìléru mi ló gbóná jù. Ó ní kò le, ohun tí mo ti sọ nílé òun náà ni kí n tún sọ. Ó ní bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí àwọn lọ́wọ́, ìwé ìgbélùú mi yóò yá. Ó bi mí pé ìgbà wo gan-an ni ìyá mi ń bọ̀.

Mo pe Bàbá Akin. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Sọ ọ́ fún wọn," ó ní. "Uṣẹ́ lo wá ṣe níbí. Irin kọ́ ló bí ọ."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ti bọ̀wọ̀ fún Bàbá Akin, mo ti tẹ̀ lé e débi tó mú mi dọ̀bálẹ̀ sínú irun ajá, ó sì sú mi lójú ẹsẹ̀. Mo pe Màámi. N kò fẹ́ sọ fún un tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbóhùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tú jáde, ọ̀pá, ìpàdé, iṣu, ìwé. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ṣé ìléru rẹ gbóná jù?" ó ní.

"Rárá, Mà."

"Ta ló wá ṣẹ ta?"

"Òun ló ṣẹ̀ mí."

"Ìwọ lo sì gbé iṣu."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Oǹdó bú Bàbá Akin, ẹni tí kò rí rí. Nígbà tó tutù, ó ní òun kò ní í sọ ohun tí n ó ṣe fún mi, torí pé òun kọ́ ló wà nínú òtútù. Ó ní kí n ṣáà jẹun kí n tó lọ sípàdé náà.

Mo jẹun. Nípàdé náà, nígbà tí obìnrin iléeṣẹ́ ẹ́ńjìnnì béèrè nípa ọ̀pá tó já, Pítà yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní rírìn. N kò já àgbà ní koro rí láyé mi, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ dìde. Kò sẹ́ni tó ń dìde níbẹ̀, gbogbo wọn bá ń wò mí.

"Ẹ má bínú, Sà," ni mo sọ fún Pítà. Mo yíjú sí àwọn àlejò. "Ìléru mi kò gbóná jù. Irin náà ló ń fà. Ẹ so òmíràn sínú ìléru mi, ẹ so òmíràn sínú ti Àgátà, kí ẹ sì wò ó."

Àgátà ní òótọ́ ni mo sọ, àwa méjèèjì la jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sọ ọ́ láìgbé ojú kúrò nínú ife rẹ̀. Obìnrin oníbàárà náà ní kí a so òmíràn.

Pítà kò pariwo mọ́ mi. Nígbà tí wọ́n lọ, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo rò pé ọmọlúàbí ni ọ́," ó ní, ní èdè tiwọn, ó sì lọ. Gbogbo ohun tí mo gbé mì níbẹ̀, tíì, irun ajá, òórùn iṣu jíjẹrà, kò sí èyí tó korò tó gbólóhùn yẹn. Ó ti fẹ́ràn ìwà mi lóòótọ́. Ohun tó fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó ṣeé gùn.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ọ̀pá méjèèjì ti já, tèmi àti ti Àgátà, kò sì sí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín wọn. Àwọn oníbàárà kò ra àpòpọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n kàn sọ fún mi pé iléeṣẹ́ kò ní í lè tún ìwé mi ṣe, pé owó kò wọlé tó bí wọ́n ṣe rò.

Ìpè tó kù ni mo bẹ̀rù jù. Màámi ti di èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ, ó ti ra bàtà tó lè fi rìn nínú òtútù, ó sì ń gbé láàárín ìjọ tó ti gbàdúrà lé e lórí. Mo mọ bí àwọn ìyá ìjọ ṣe ń wo ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ bá bàjẹ́, mo sì mọ irú ìkẹ́dùn tí wọ́n ń ṣe. Mo sọ fún un pé kò ní í lè wá mọ́. Ó lọ ti fèrèsé kí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀ lè dínkù.

"Mo ti sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí," ó ní. "Mo ti mọ̀ pé bí yóò ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tí o sọ fún mi pé o dìde."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní ọmọ mi ló ń yẹ irin ọkọ̀ òfuurufú wò nílùú òyìnbó. Ó yẹ èyí tí n bá wọ̀ wò, ó ní kò dá òun lójú, kí n jókòó sílé mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín ní Oǹdó, a kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí owó fóònù tán, mo fa àpótí mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.